Ayò Tí Iná Dá Dúró

Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé Houston, mo máa ń dáhùn ìkíni bí ẹni tí wọ́n pè lẹ́jọ́. Obìnrin tó ń gbowó ní ilé ìtajà á ní, "Báwo ni?" Èmi á gbé apẹ̀rẹ̀ mi kalẹ̀, màá sọ fún un pé a dúpẹ́, àmọ́ mi ò rí oorun sùn dáadáa láti ọjọ́ mẹ́rin, pé ó lè jẹ́ pé ilé ló dákẹ́ jù, ó sì lè jẹ́ òtútù ẹ̀rọ amúlétutù, pé mi ò tíì mọ èyí tó jẹ́ nínú méjèèjì. Kí n tó parí, ẹni tó wà lẹ́yìn mi ti ń to ẹrù rẹ̀ síwájú obìnrin náà.

Àǹtí Bùnmi, àbúrò màmá mi tí mo ń gbé lọ́dọ̀ wọn ní àdúgbò Mission Bend, ló là mí lọ́yẹ̀ lọ́jọ́ kan nínú mọ́tò.

"Tí wọ́n bá ní báwo ni, sọ pé 'fine', kó o máa lọ. Wọn ò bi ọ́ ní nǹkan kan o. Wọ́n ń kọjá lọ ni."

"Tí nǹkan ò bá wá fine ńkọ́, Àǹtí?"

"Wàá gbé e délé. Èmi ni wàá sọ ọ́ fún."

Tìfẹ́tìfẹ́ ni wọ́n fi sọ ọ́. Àmọ́ nọ́ọ̀sì ni Àǹtí, ilé ìwòsàn méjì ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, tí wọ́n bá sì délé, oorun á ti gbé wọn lọ lórí àga kí n tó dé ìdajì ọ̀rọ̀ mi. Màá bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀ wọn, màá fi aṣọ bò wọ́n, màá sì gbé ọ̀rọ̀ mi padà sínú. Mo ti gbìyànjú láti mọ ohun tí ìdánìkanwà jẹ́ gan-an, nítorí èmi kì í lè fi ohun tó ń ṣe mí sílẹ̀ láìtú u wò. Tèmi, ọ̀rọ̀ tí mo ti tò tán ni, tí kò rí ẹni tó máa gbọ́ ọ dópin.

Ohun kejì tó tún ń jẹ mí lọ́kàn ni ìwé ẹ̀rí mi. Ìmọ̀ ìṣirò ni mo kà ní yunifásítì, èmi ni mo ṣe dáadáa jù nínú kíláàsì wa. Mo fi ọ̀rá méjì wé ìwé náà kí omi má bàa kàn án, mo gbé e mọ́ àyà láti ilé dé ibí. Oṣù mẹ́ta kọjá, ẹnikẹ́ni ò ní kí n mú un wá wò. Mo wá ń rò ó pé bóyá àwọn olùkọ́ mi kàn ṣàánú mi ni, bóyá èmi tí wọ́n ń pè ní ọ̀jáfáfá nílé kò tó nǹkan kan tí wọ́n bá gbé mi síbòmíràn.

Gbogbo ọjọ́ Àìkú ni mo máa ń pe bàbá mi. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n, Ìṣẹ́yìn ni wọ́n ń gbé, ayò ni wọ́n sì fi tọ́ mi dàgbà. Mi ò tíì mọ ìwé kà tí mo ti mọ bí wọ́n ṣe ń ka ọmọ ayò nínú ilé láìfọwọ́ kàn án. Ìbéèrè kan náà ni wọ́n máa ń bi mí.

"Ṣé o ti rí ẹni tó ń ta ayò níbẹ̀?"

"Mi ò tíì rí, bàbá."

"Gbogbo ìlú ńlá yẹn? Òpè ni gbogbo wọn nìyẹn. Máa wá ọ̀ta kiri, ẹni tó mọ ayò ta. Ibi tí ọ̀ta kan bá wà, ibẹ̀ ṣeé gbé."

*

Iṣẹ́ tí Àǹtí bá mi rí ni iṣẹ́ daycare. Mo rò pé jẹ́lé-ó-sinmi ni, inú mi sì dùn, torí mo fẹ́ràn ọmọdé. Mo ra súìtì, mo ra bísíkíìtì, mo sì fi odidi ọjọ́ Sátidé kọ́ orin àwọn ọmọ kéékèèké méjì. Ìgbà tí mo dé ibẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ní ìhà ibi tí àwọn ará Ṣáínà àti Fiẹtinámù pọ̀ sí jù, n kò rí ọmọdé kankan. Àgbàlagbà ni gbogbo wọn. Àwọn ọmọ wọn máa ń gbé wọn wá láàárọ̀ kí wọ́n tó lọ síbi iṣẹ́, wọ́n á sì wá gbé wọn lọ́sàn-án.

Nítorí pé àgbàlagbà ni wọ́n, mo ṣe ohun tó yẹ. Mo kúnlẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà, mo kí wọn káàárọ̀. Màmá kan rò pé mo ṣubú ni, wọ́n tẹ aago, nọ́ọ̀sì sì sáré dé pẹ̀lú àga oníkẹ̀kẹ́. Wọ́n yẹ orúnkún mi wò, wọ́n ní kí n jókòó, kí n mu omi. Nínú gbogbo yàrá yẹn, ẹnì kan ṣoṣo ló mọ̀ pé mi ò ṣubú. Bàbá kan tó dá jókòó sídìí tábìlì ní kọ̀rọ̀, tó wọ súwẹ́tà onírun nínú ooru Houston, ló rọra tẹ orí ba fún mi. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ bí ẹni tó ti ń retí irú ìkíni bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ tó ti pẹ́.

Àwọn yòókù jẹ súìtì mi tán kí aago mẹ́wàá tó lù.

Bàbá Liang ni bàbá yẹn. Ọpọ́n kan wà níwájú wọn, pẹ̀lú àwọn ọmọ ayò róbótó pẹlẹbẹ bí ìdérí ìgò, gbogbo wọn tóbi bákan náà. Lẹ́tà kan tí wọ́n gbẹ́ sójú ọ̀kọ̀ọ̀kan ló fi hàn bóyá ẹṣin ni tàbí erin. Ṣẹ́ẹ̀sì àwọn ará Ṣáínà ni. Ẹnikẹ́ni kì í bá wọn ta. Àwọn òṣìṣẹ́ yòókù ní bàbá náà gbéraga, pé tí àwọn bàbá tó kù bá ní kí wọ́n jẹ́ kí àwọn ta á, wọ́n á ní ó ti rẹ àwọn.

Lọ́jọ́ kẹta, mo gbé tíì lọ bá wọn, mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n kọ́ mi.

"Kí ló dé?" Òyìnbó wọn kò pọ̀, àmọ́ ó máa ń bá ojú ibi tó yẹ.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìdí rẹ̀. Mo sọ ti bàbá mi, mo sọ ti ayò, mo sọ ti ìwé ẹ̀rí mi nínú ọ̀rá, mo sọ ti obìnrin tó ń gbowó ní ilé ìtajà. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti pọ̀ jù, àmọ́ mi ò mọ bí mo ṣe máa dá a dúró. Bàbá Liang mu tíì wọn tán. Wọn ò wo aago, wọn ò sọ pé ó ti tó. Nígbà tí mo dákẹ́, wọ́n ní, "Ṣé ó parí?"

"Ó parí, bàbá."

"Jókòó."

Mo jókòó, omi sì lé sí mi lójú, nítorí pé nínú gbogbo Houston, àwọn ni ẹni àkọ́kọ́ tó jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀.

*

Báyìí ni wọ́n ṣe kọ́ mi. Odò kan wà láàárín ọpọ́n. Balógun wà nínú ààfin, kò gbọ́dọ̀ jáde níbẹ̀, àwọn ẹ̀ṣọ́ sì wà pẹ̀lú rẹ̀. Erin ń ṣọ́ ilẹ̀ baba rẹ̀, kò gbọ́dọ̀ sọdá odò. Kẹ̀kẹ́ ogun ń sáré gbọnrangandan. Àgbá ní láti rí ohun kan fò kọjá kó tó lè jẹ. Ọmọ ogun, iwájú nìkan ló ń lọ. Tó bá ti sọdá odò, ó lè yà sọ́tùn-ún tàbí sósì, àmọ́ kò sí ìgbà kan tó lè padà sẹ́yìn. Mo bi wọ́n bóyá èyí ò ba ọmọ ogun lọ́kàn jẹ́. Wọ́n ní, "Lẹ́yìn odò ló tó mọ ọ̀tún àti òsì. Kí ló fẹ́ padà lọ ṣe?"

Mo kọ́ orúkọ àwọn ọmọ ayò méjèèje ní èdè wọn, mo sì kọ́ òǹkà dé mẹ́sàn-án, iye ìlà tó wà lójú ọpọ́n. Ó yà wọ́n lẹ́nu bí ó ṣe tètè mọ́ mi lẹ́nu. Èdè wọn ní ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ bíi tiwa, etí mi sì ti mọ irú rẹ̀ láti inú oyún. Inú mi dùn dé ibi pé mo ń ka ẹṣin, erin, àgbá lọ́nà ilé bí ẹni ń kọrin.

Mo pe bàbá mi. "Mo ti rí ọ̀ta, bàbá. Àmọ́ ayò kọ́ ni wọ́n ń ta. Ogun ni."

"Ayò wo ni kì í ṣe ogun? Ṣé wọ́n ń pa ọ́?"

"Lójoojúmọ́."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Òpè tí wọn ò pa kì í gbọ́n."

Láàárín tíì àárọ̀ àti oúnjẹ ọ̀sán ni mo ti ń gbọ́ ìtàn Bàbá Liang, díẹ̀díẹ̀. Bàbá tiwọn ń tún bàtà ṣe ní ìlú kan létí odò. Àwọn fúnra wọn kọ́ ṣẹ́ẹ̀sì nípa dídúró lẹ́yìn àwọn tó ń ta á lójú títì, láti ọmọ ọdún mẹ́fà. Nígbà tí wọ́n di ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, wọ́n mú wọn wọ ẹgbẹ́ ìpínlẹ̀ wọn, àwọn mẹ́jọ ń sùn nínú yàrá kan, ṣẹ́ẹ̀sì ní àárọ̀, ṣẹ́ẹ̀sì ní ìrọ̀lẹ́. Wọ́n máa ń gbé wọn lọ sí àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá kí òṣìṣẹ́ lè wo bí wọ́n ṣe ń kẹ̀yìn sí ọpọ́n mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, tí wọ́n ń ta á látorí wá. Wọ́n gba oyè ọ̀gá. Wọ́n kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí àwọn ọmọ náà fi ń pa wọ́n. Ìgbà tí Lin, ọmọ wọn obìnrin, bímọ ní Houston, wọ́n wá bá a gbé ọmọ, wọ́n sì gba iṣẹ́ sílé ìdáná ilé oúnjẹ kan. Ọdún mọ́kànlá ni wọ́n fi bó aáyù níbẹ̀. Kò sẹ́nì kan tó mọ̀ pé ọ̀gá ni wọ́n.

"Ẹ ò sọ fún wọn?"

"Aáyù ò bi mí."

*

Mo ṣàkíyèsí pé kí Bàbá Liang tó gbé ọmọ ayò kan, wọ́n máa ń fi àtàǹpàkò ra ojú rẹ̀. Mo gbà pé bí ọ̀gá ṣe ń ṣe nìyẹn, èmi náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í ra tèmi, mo ń dijú díẹ̀ kí ó lè jọ tàwọn ọ̀gá. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Lin wá gbé bàbá rẹ̀. Ó ju ogójì ọdún lọ, àmọ́ ó ti kọ̀ jálẹ̀ pé kí n má pe òun ní àǹtí. Ó dúró, ó ń wo ọwọ́ mi.

"Ta ló kọ́ ọ ní èyí?"

"Bàbá ni. Bí àwọn ọ̀gá ṣe ń ṣe é ni."

Lin kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ojú rẹ̀ sì yí padà. Ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní ojú bàbá òun ti kú láàárín. Wọ́n ń rí etí nǹkan, wọ́n ń rí pé ẹnì kan ń bọ̀, àmọ́ ohun tí wọ́n bá tẹjú mọ́, ìkùukùu ni. Àtàǹpàkò ni wọ́n fi ń ka lẹ́tà. Dókítà sì ti sọ pé kò ní padà.

Ìgbà yẹn ni mo tó mọ ìdí tí wọn kì í fi bá ẹnikẹ́ni ta. Òfin kan wà nínú ṣẹ́ẹ̀sì wọn: ohun tó o bá fọwọ́ kàn, òun lo gbọ́dọ̀ gbé. Ẹni tó ń fi ọwọ́ ríran kò lè tẹ̀ lé òfin yẹn. Wọ́n yàn pé kí wọ́n pe àwọn ní agbéraga ju kí wọ́n pe àwọn ní afọ́jú lọ.

Èmi ń da omi sí tíì wọn lọ́jọ́ kejì nígbà tí wọ́n ní, "Lin ti sọ fún ọ."

"Ó ti sọ, bàbá."

"Ó dáa. Mo fẹ́ yá ojú rẹ."

Ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ èyí tí wọn ò tíì sọ. Ó lé ní ogójì ọdún báyìí, ní ìdíje ìpínlẹ̀ wọn, àwọn àti ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Fan jókòó sí ayò tó kẹ́yìn. Ẹni tó bá pa ẹnì kejì ló máa gba oyè, tí wọ́n bá sì ta ọ̀mì, Bàbá Liang ló ni ín, nítorí ìdajì ààmì tí wọ́n fi ṣíwájú. Ayò náà dé ojú ọgbẹ́, iná lọ.

Mo ní, "Kí ni?"

"Iná. Ó lọ. Gbogbo gbọ̀ngàn ṣókùnkùn."

Kí n má parọ́, inú mi dùn. Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi ń di tábìlì mú. Mo bi wọ́n pé ṣé ní Ṣáínà náà ni wọ́n ti ń mú iná lọ. Nígbà tí mo sọ fún bàbá mi lórí fóònù, wọ́n ní kí n tún un sọ, wọ́n sì pe aládùúgbò wa, Bàbá Kàmọ́rù, kó wá gbọ́ ọ.

Iná náà ò dé. Ojúmọ́ mọ́, ọkọ̀ ojú irin tó ń gbé ẹgbẹ́ Fan lọ ò lè dúró, àwọn adájọ́ ní kí wọ́n gbà pé ọ̀mì ni. Báyìí ni Bàbá Liang ṣe di ọ̀gá. Wọ́n gbé ife ẹ̀yẹ fún wọn, wọ́n yàwòrán wọn, inú wọn ò sì dùn láti ọjọ́ náà.

"Ẹni tó gba oyè nítorí pé iná lọ," wọ́n ní, "ṣé ọ̀gá ni?"

Ìbéèrè tèmi ni wọ́n gbà lẹ́nu mi.

Fan wà ní The Woodlands, ìlú kan lẹ́yìn Houston. Ó wá kí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ó máa padà sí Ṣáínà ní ọjọ́ Àìkú. Lin ló rí i lórí ẹgbẹ́ WeChat àwọn àgbàlagbà, Fan sì ti gbà láti wá ní ọjọ́ Jímọ̀ kí àwọn méjèèjì parí ayò náà. Bàbá Liang lè ta á látorí, bí wọ́n ti ń ṣe é ní kékeré. Ẹni tó máa sọ ibi tí Fan gbé nǹkan sí, tó sì máa bá wọn gbé tiwọn, ni wọ́n ń wá. Fan ò gbọ́dọ̀ mọ̀ nípa ojú wọn. Wọ́n á sọ fún un pé olùrànlọ́wọ́ ni mí, pé bí àwọn ọ̀gá ńlá ṣe ń ṣe é ní Amẹ́ríkà nìyẹn.

"Ojú ni mo yá," ni wọ́n sọ. "Mi ò yá ẹnu, mi ò yá ọkàn. Ohun tó o bá rí ni kó o sọ."

Mo ṣèlérí.

*

Bàbá Fan dé ní aago mọ́kànlá, wọ́n ga, wọ́n pá lórí, ọwọ́ ọ̀tún wọn wà nínú àpò kóòtù. Mo kúnlẹ̀, nọ́ọ̀sì ò sì sáré mọ́. Bàbá Liang na ọwọ́ sí wọn láti kí wọn. Àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í bú ara wọn lójú ẹsẹ̀, Lin dúró lẹ́yìn mi, ó ń túmọ̀ rẹ̀ sí mi létí.

"Níbo ni irun orí ẹ wà?" ni Bàbá Liang béèrè, wọ́n ń fi ẹ̀gbẹ́ ojú wo orí náà.

"Ó wà nínú ọkọ̀ ojú irin yẹn. Mo fi sílẹ̀ níbẹ̀ nígbà tí o ń jí oyè mi gbé."

"Iná ló gbé e fún mi."

"Mo mọ̀. Mo ti ń bi ara mi láti ìgbà náà pé èló lo fún oníná."

Gbogbo àwọn àgbàlagbà gbé àga wọn sún mọ́ wa. Ohun tó tẹ̀ lé e ni mo rò pé mi ò ní gbàgbé. Àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ayò náà látorí, ọ̀kan tẹ̀ lé ọ̀kan, bí ìgbà tí ènìyàn bá ń ka oríkì, èmi sì ń to ọmọ ayò sí ibi tí wọ́n ń pè. Kẹ̀kẹ́ ogun níbí. Ẹṣin lọ́hùn-ún. Ohun tí ọ̀kan bá bẹ̀rẹ̀, ẹnì kejì á parí rẹ̀. Ó lé ní ogójì ọdún, wọn ò ṣi ẹyọ kan. Ohun kan ṣoṣo tí wọn ò gbà fún ara wọn ni bóyá òjò ń rọ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà.

A bẹ̀rẹ̀. Bàbá Liang dijú. Mo ń pe ohun tí mo rí ní èdè wọn, ohùn òkè wà lókè, ti ìsàlẹ̀ sì wà nísàlẹ̀. Wọ́n á sọ tiwọn, màá bá wọn gbé e.

Nígbà tó yá, Bàbá Fan yọ ọwọ́ wọn jáde láti gbé àgbá. Ìgbà yẹn ni mo rí i pé ọwọ́ náà ń gbọ̀n rìrì bí ewé. Ojú gbogbo wa rí i pé ìlà àárín ni àgbá náà ń lọ. Ọwọ́ wọn fò, àgbá bọ́ sí ìlà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, síwájú kẹ̀kẹ́ ogun Bàbá Liang gan-an, láìsí ẹni tó ń ṣọ́ ọ. Wọ́n ti fi ọwọ́ sílẹ̀. Ohun tó bọ́ sílẹ̀ ti bọ́. Tí Bàbá Liang bá jẹ ẹ́, ayò ti parí.

Nílé wa, tí oúnjẹ bá já bọ́ lọ́wọ́ àgbà, ènìyàn á gbójú kúrò ni. A kì í ṣe àgbà báyìí lójú àwùjọ. Mi ò rò ó, kò sí àyè láti rò ó. Mo fi ìka kan tún àgbá náà ṣe bí ẹni tó ń to nǹkan dọ́gba, mo tì í sí ìlà àárín, mo sì pè é: "Àgbá, ìlà karùn-ún."

Bàbá Fan wò mí. Wọ́n dá ọwọ́ wọn padà sínú àpò.

Ayò ń lọ. Mo kọ́kọ́ rò pé ohun rere ni mo ṣe, ara mi sì yá gágá. Lẹ́yìn náà ni mo wo Bàbá Liang, tí wọ́n dijú, tí wọ́n ń gbé ogun lórí àga bí ẹni tó gbẹ́kẹ̀ lé ilẹ̀ tó ń tẹ̀. Wọ́n ní kí n sọ ohun tí mo bá rí. Nítorí kí n lè bo àgbà kan, mo ti fọ́ ojú àgbà kejì. Mo sì tún rò ó síwájú: tí wọ́n bá pàdánù, èmi ni mo pàdánù fún wọn. Tí wọ́n bá sì jáwé olúborí, wọ́n tún gba oyè tí ohun kan tí wọn ò rí fún wọn. Èmi ni iná tó lọ lẹ́ẹ̀kejì.

Ẹnì kọ̀ọ̀kan ti ta ẹ̀ẹ̀márùn-ún lẹ́yìn ìyẹn kí n tó lè lanu. Mo kúnlẹ̀.

"Ẹ dúró, ẹ jọ̀ọ́."

Mo ṣàlàyé. Mo ṣàlàyé ọwọ́ Bàbá Fan àti ìka tèmi, mo ṣàlàyé bí wọ́n ṣe tọ́ wa nílé, mo ṣàlàyé oúnjẹ tó ń já bọ́ lọ́wọ́ àgbà, mo sì gbàgbé ara mi, mo bọ́ sínú Yorùbá láàárín rẹ̀. Nígbà tí mo ṣe tán, Lin sọ gbólóhùn kan kúkúrú fún àwọn bàbá méjèèjì.

Bàbá Fan béèrè nǹkan kan. Lin túmọ̀ rẹ̀ fún mi: "Wọ́n ní ṣé gbogbo ohun tó sọ láti àárọ̀ nìyẹn?"

Bàbá Liang ò rẹ́rìn-ín. Ojú wọn ṣì wà ní dídì. "Fan. O rí i?"

"Mo rí i. Mo ń dúró kí ọmọ náà sọ̀rọ̀. Mo ní bóyá òfin Houston ni."

"Kí ló dé tí o ò sọ ọ́ fúnra ẹ?"

"Nítorí mo mọ̀ pé o ò rí i. Láti ìgbà tó o ti bọ etí kóòtù mi lọ́wọ́ dípò ọwọ́ mi ni mo ti mọ̀." Bàbá Fan gbé ọwọ́ wọn jáde, wọ́n gbé e lé orí tábìlì kí gbogbo èèyàn lè rí bó ṣe ń gbọ̀n. "Ó dáa. A dá gbogbo rẹ̀ padà. Ibi tí ọwọ́ mi gbé e sí, ibẹ̀ ni kó wà. Jẹ ẹ́. O ti pa mí."

Mo mọ ohun tí Bàbá Liang ti ń fẹ́ láti ìgbà tí wọn ò tíì bí mi. Ó wà níwájú wọn, ó ku kí wọ́n nà án mú. Ìka wọn rìn lórí itan wọn, wọ́n ń ka nǹkan, wọ́n sì dá ìka náà dúró.

"Ìwọ ni mo fẹ́ pa," wọ́n ní. "Kí ni màá fi ọwọ́ ẹ ṣe? Àgbá wà ní ìlà àárín. Ọmọ yìí rí ohun tí orí ẹ rò, ó rí i ju ọwọ́ ẹ lọ. Ó kan ń yá mi ní ojú tó pọ̀ jù ni." Wọ́n yíjú sí mi. "Dìde. Láti ìsinsìnyí lọ, ojú méjì péré."

Mo dìde. Wọ́n padà sógun. Kẹ̀kẹ́ jẹ kẹ̀kẹ́. Ẹṣin jẹ àgbá, wọ́n sì jẹ ẹṣin náà. Ọmọ ogun Bàbá Liang tó ti sọdá odò rìn dé ẹnu ààfin, ẹ̀ṣọ́ gbé e mì. Nígbà tó yá, mo wo ọpọ́n, mo sì pe ohun tó kù, nítorí Bàbá Liang ní kí n pè é: lápá ìhín, erin méjì àti ẹ̀ṣọ́ kan, lápá ọ̀hún, erin kan àti ẹ̀ṣọ́ méjì. Kò sí ẹyọ kan nínú wọn tó lè sọdá odò.

Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ gbọ̀n èjìká Bàbá Fan, kó tó dé ẹnu wọn. "Ọ̀mì," wọ́n ní.

"Ọ̀mì," ni Bàbá Liang sọ. Wọ́n la ojú. "Àwọn adájọ́ yẹn tọ̀nà."

"Gbogbo ọdún wọ̀nyí. Tó bá jẹ́ pé iná ò lọ ńkọ́?"

"Ìdajì ààmì ṣì wà níbẹ̀."

"Ìwọ náà ni ọ̀gá nìyẹn." Bàbá Fan dìde, wọ́n tẹ orí ba dáadáa, kì í ṣe ti àwàdà. "Mo wá láti The Woodlands nínú gbogbo gó-sìló yẹn kí n tó lè sọ ọ́."

Àwọn àgbàlagbà pàtẹ́wọ́. Màmá tó tẹ aago lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ń sunkún, mi ò sì rò pé wọ́n mọ ìdí rẹ̀. Bàbá Liang jókòó jẹ́ẹ́, ọwọ́ wọn lórí ọpọ́n, wọ́n ń ra ojú erin wọn pẹ̀lú àtàǹpàkò níwájú gbogbo èèyàn, láìfi pa mọ́ fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tó ṣe, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to ọmọ ayò padà sí ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n dìde, wọ́n sì na ìka sí àga wọn tó kọjú sí ti Bàbá Fan.

"Òun ló kàn," wọ́n ní. Èmi ni wọ́n ń sọ.

Kí n tó jókòó, mo sáré pe ilé. Ilẹ̀ ń ṣú lọ ní Ìṣẹ́yìn. Bàbá mi wà lójú fóònù, gílóòbù ń tàn lókè orí wọn, ọpọ́n ayò wà láàárín àwọn àti Bàbá Kàmọ́rù, gbogbo ọ̀sẹ̀ ni wọ́n sì ti ń béèrè.

"Ta ló pa?"

"Ọ̀mì ni, bàbá."

"Ọ̀mì! Bàbá Kàmọ́rù, ẹ gbọ́, ọ̀mì ni o. Ìwọ ńkọ́? Ṣé ojú ẹ ríran dáadáa?"

"Ó ríran ju bó ṣe yẹ lọ. Màá ṣàlàyé rẹ̀ fún yín, ó gùn díẹ̀."

"Mo mọ̀ pé ó máa gùn. Mo ti jókòó."

Ojú fóònù ṣókùnkùn bámú. Mo gbọ́ tí gbogbo àdúgbò wa pariwo lẹ́ẹ̀kan náà, bí wọ́n ṣe máa ń pariwo, mo sì gbọ́ tí bàbá mi pòṣé. Bàbá Liang tẹ́tí.

"Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Iná lọ, bàbá."

Àwọn bàbá méjèèjì kígbe ẹ̀rín. Bàbá Liang fà mí lọ́wọ́, wọ́n ní kí n sọ fún bàbá mi pé kí wọ́n rọra, kí wọ́n rántí ibi tí gbogbo nǹkan wà. Mo sọ ọ́.

Bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí í kà á nínú òkùnkùn, ohùn wọn lọ́ra bí ìgbà tí wọ́n ń kọ́ mi ní kékeré: "Ilé àkọ́kọ́, mẹ́rin. Ilé kejì, òfo. Ilé kẹta, méje. Ilé kẹrin, ẹyọ kan, ẹ má fọwọ́ kàn án o, Bàbá Kàmọ́rù, mo ń gbọ́ ọwọ́ yín."

Mo gbé fóònù náà sí ẹ̀gbẹ́ ọpọ́n, ní etí odò. Bàbá Liang tún di ojú, wọ́n ń fetí sí òǹkà tí wọn ò gbọ́ èdè rẹ̀, orí wọn ń mì díẹ̀díẹ̀ bó ṣe ń lọ láti ilé dé ilé. Mo jókòó, mo sì ti ọmọ ogun mi kan síwájú.